Ẹ gbà mí, ọkọ̀ mi ń jó lórí omi!

Àbúrò Katy
Ẹ̀yin ará ilé, ta ló ṣì wà lójúfò? Mo gbé ọkọ̀ apẹja tí mo rà ní àlòkù jáde sí Lake Conroe lónìí. Ẹsẹ̀ bàtà 20, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 250. Títí ó fi dé máìlì 55 ní wákàtí kan, kò sí ìjà, kò sí ìta. Bó ṣe wọ 62 báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ ijó: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó sì ń le sí i. Àyà mi já, mo ká ẹsẹ̀ kúrò lórí hot foot, pẹ́dálì epo ọkọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Imú rẹ̀ wọmi, ìdí rẹ̀ fò yí, ìgbà tí màá fi lajú, ibi tí a ti ń bọ̀ la kọjú sí. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló sì fẹ́ bá mi jáde lọ́jọ́ Sátidé o. Ṣé ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́ ni? Àbí kí n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀ lórí jack plate, irin tó ń gbé e sókè sódò? Ibi tí ẹni tó tà á gbé e sí ló ṣì wà.

Bàbá Ìbejì, Dallas
Kò bàjẹ́. Chine walk nìyẹn. Ọkọ̀ ti gòkè tán, pad tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń kan omi, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lu omi, omi tì í padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì lù ú. Ìwọ alára lo sì ń ràn án lọ́wọ́: ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, o yí sitíárì sósì, àmọ́ kí ọwọ́ rẹ tó débẹ̀, òun náà ti ń tẹ̀ bọ̀ lósì. Èmi bá a jà báyẹn ní Lake Fork títí mo fi kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ bọ́ sáàárín igi. Kùkùté gé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mi dànù. Owó tí mo san, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ìyàwó mi wà nínú gúrúùpù yìí.

Ìyá Ìbejì, Dallas
Mo ti rí rìsíìtì yẹn tipẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Atlanta
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè okùn? Àbúrò, nígbà tí ọkọ̀ yí, ibo ni okùn kill switch, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá bọ́ sómi, wà?

Àbúrò Katy
Ó wà níbẹ̀, àǹtí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Atlanta
Níbẹ̀ níbo?

Àbúrò Katy
Lára sitíárì ni wọ́n so ó mọ́ nígbà tí mo rà á.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Atlanta
Ṣé sitíárì ló máa bọ́ sómi ni? Texas fi òfin sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ so ó mọ́ra láti 2019, ìjọba àpapọ̀ náà tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin 2021, irú ọkọ̀ rẹ yìí gan-an ló sì bá wí. Ọkọ mi náà rò pé òun gbọ́n. Ìgbì ọkọ̀ ńlá kan ní Lake Lanier gbé e jù sómi, sitíárì tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀ yí fúnra rẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì, ó ń pa dà bọ̀ wá bá a pẹ̀lú pùròpẹ́là. Ẹ̀wù ìdóòlà tí mo fi ìjà wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ló gbé e dúró. Ọkọ̀ gun bèbè, imú rẹ̀ fọ́ yángá. Ara rẹ ni kó o so okùn mọ́!

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Birmingham Alabama
Àǹtí ti sọ ọ́. Ní ti yíyí tí ọkọ̀ yí, ijó kọ́ ló fà á, ẹsẹ̀ àbúrò wa ni. Tí o bá ká ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan, imú máa já, iwájú máa di omi mú, ìdí tó ṣì ń sáré á fẹ́ ya iwájú sílẹ̀. Kọ́kọ́ tẹ trim, bọ́tìnnì tó ń yí bí ẹ́ńjìnnì ṣe dagun, wálẹ̀ díẹ̀ kí imú fara balẹ̀, lẹ́yìn náà ni kó o máa dín epo kù.

Bàbá Ìbejì, Dallas
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yẹn máa ń pa èèyàn. Ẹni tó bá rẹ trim sílẹ̀ jù lórí eré 60, imú ọkọ̀ ló máa darí rẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tó fẹ́ ló máa gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ dín kù, ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kó di sitíárì mú gan-in láìbá a jà. Trim ṣì lè dúró.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Birmingham Alabama
Díẹ̀ ni mo wí! Kó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, kó yọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń sáré ní Lake Guntersville, báyẹn ni mo ń ṣe é.

Bàbá Ìbejì, Dallas
Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í mọ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì, Dallas
Ẹni tó gun kùkùté ló ń jiyàn o.

Alága, Houston
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Àbúrò, kí ọkọ̀ ṣì wà lórí túrélà, di ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, fì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá mì tí sitíárì ò mì, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́ìlì sitíárì tàbí kí bóòtì kan ti tú. Kò sí awakọ̀ tó lè borí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọn bí ọ̀pá pùròpẹ́là ṣe jìn sí ìsàlẹ̀ pad tó. Íǹṣì 3 ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ pé kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe ń mọ́ ọn ni kó o máa gbé e sókè ní ìdá mẹ́rin íǹṣì kan. Ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára géèjì omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Èmi gbé tèmi sókè kí n lè fi máìlì méjì ju ọ̀rẹ́ mi lọ, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi yọ síta, ooru sè é. Àwọn tó tà á fún mi ní wáráńtì ò sí fún ìwà òmùgọ̀.

Àbúrò Katy
Ẹ ṣé, alága. Tó bá wá jẹ́ pé kò mì, ṣé kí n sọ ọ́ kalẹ̀?

Alága, Houston
Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Báwo ni bàbá ìyàwó rẹ ṣe tóbi sí? Ẹ̀gbẹ́ tó bá jókòó sí ni ọkọ̀ máa tẹ̀ sí.

Àbúrò Katy
Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń ka ibí.

Bàbá Ìbejì, Dallas
Ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí gbogbo èèyàn Houston kó wá sí Dallas. Conroe ò ní ẹja. Lake Fork ni wọ́n ti mú ẹja largemouth bass pọ́ùn 18.18 ní 1992, òun ló ṣì lékè ní gbogbo Texas.

Alága, Houston
Àti kùkùté tó mú ìwọ náà. A ní adágún Sam Rayburn, jàre.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Atlanta
Ẹ̀yin ará Texas, ẹ jókòó. Georgia ni George Perry ti mú ti pọ́ùn 22 àti áúnsì 4, ní 1932, láìsí hot foot, láìsí jack plate. Wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sì jẹ ẹ́!

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Birmingham Alabama
Bí Èpé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá mi àgbà máa ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lóru, ẹja á sì ti wà nínú ìkòkò kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa ń fi ẹ̀gbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lépa ẹja tí a tún máa jù padà sómi.

Ìyá Ìbejì, Dallas
Ẹ má mú mi rántí ẹja Èpé lóru yìí. Ẹja tútù, ata rodo, ẹ̀fínrín…

Bàbá Ìbejì, Dallas
Àǹtí Atlanta, ẹ má yangàn jù. Ní 2009, Manabu Kurita mú irú rẹ̀ ní Lake Biwa ní Japan, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ fún èyí tó tóbi jù lágbàáyé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Atlanta
Ta ló ń gbé Japan nínú wa tó máa jẹ́rìí sí i?

Ọmọ Ìlẹ̀sà, Osaka
Èmi nìyí o. Mo ti ń kà yín bọ̀ láti òkè. Biwa ò jìnnà sí mi rárá, àmọ́ mi ò mọ omi wẹ̀.