Mo fẹ́ máa fi jáàkì gbé mọ́tò mi nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òkè-Ìlá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2005 ni mo ń wà, Òkè-Ìlá ní Adó ni mo ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, táyà iwájú jò, mo bá ti jáàkì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ níbi tí ojú mi kọ́kọ́ rí. Bí mo ṣe ń yí i ni mo gbọ́ tí irin ń dún. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, etí irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti ká bí etí ìwé. Ó dùn mí gan-an. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, torí mo fẹ́ máa yọ táyà láti yẹ bíréèkì páàdì wò fúnra mi. Jáàkì wo ni kí n rà? Ibo ni kí n ti í sí? Ilẹ̀ pupa ni àgbàlá wa, ó sì dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà títì.

Mẹkáníìkì Ìyìn
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo etí irin tó gùn lábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wàá rí ojú kékeré méjì tí wọ́n gé sí i lára lẹ́yìn táyà iwájú, wàá tún rí méjì níwájú táyà ẹ̀yìn. Àárín ojú gígé méjì yẹn ni wọ́n ti fi irin kún irin. Ibẹ̀ ni jáàkì ń wọ̀, kì í ṣe ibòmíràn lára etí yẹn. Má ti jáàkì sí ìdí ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì ń gbé, má tì í sí sàlẹ́ńsà, má sì tì í sí pẹpẹ irin tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ nínú mọ́tò. Gbogbo wọn á wọnú.

Kó o tó gbé e, fi ìdí sikirudáfà kan ibẹ̀ kọ́kọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ló ti ilẹ̀ yìnyín wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì, iyọ̀ yẹn á sì ti jẹ abẹ́ mọ́tò. Bó bá dún kẹ̀kẹ̀ bí páálí, tàbí tí ìpẹtà ń já bọ́, má gbé jáàkì síbẹ̀. Kọ́kọ́ lọ bá ajórin.

Jáàkì tó wà nínú búùtù rẹ, táyà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ó dára, torí ihò tóóró wà lórí rẹ̀ tí etí irin yẹn ń bọ́ sí. Fún bíréèkì, ra jáàkì gbọọrọ tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin, tọ́ọ̀nù 2 tó. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ rí bí àwo, ó lè tẹ etí irin náà mọ́lẹ̀. Gé igi líle, bí ìrókò tàbí apá, kí o fi ayùn la ojú kan sí i láàárín, kí etí irin wọ inú ojú yẹn. Àwọn mìíràn ń lo rọ́bà táyà àtijọ́. Èmi fẹ́ràn igi tó ní ojú, torí kì í jẹ́ kó yọ̀.

Ìyá Ọlọ́jà Ìkẹ́rẹ́
Ilẹ̀ pupa ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín. Jáàkì tó ní táyà yẹn gbọ́dọ̀ lè yí díẹ̀ bí apá rẹ̀ ṣe ń gòkè. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rì sínú ilẹ̀, kò ní lè rìn, orí rẹ̀ ni yóò máa fà kúrò lábẹ́ mọ́tò. Ẹ da kọnkéré síbì kan tí ó gba mọ́tò. Bí owó kò bá tíì sí, pákó nípọn tó fẹ̀ ni kí ẹ tẹ́.

Ọmọ Èfọ̀n
Ti gẹ̀rẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí Èfọ̀n-Aláayè ni mo ti kọ́ mọ́tò wíwà, a mọ òkè. Wá ibi tó tẹ́jú. Àwa kan rò pé tí gíà bá ti wà ní P, ìyẹn ipò ìdúró nínú mọ́tò tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀, ó parí. Táyà iwájú ni P ń dì mú nínú Corolla. Bí o bá ti gbé ọ̀kan nínú wọn kúrò nílẹ̀, tòkè á lè yí lófìfo, tilẹ̀ náà á sì lè yí. Bíréèkì ọwọ́ tó ń di tẹ̀yìn mú àti òkúta ló kù. Tí o bá gbé ẹ̀yìn méjèèjì, bíréèkì ọwọ́ kò wúlò mọ́. Nítorí náà, tó o bá ń gbé ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ fi òkúta há níwájú àti lẹ́yìn.

Ọmọ Òkè-Ìlá
Ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá gbé e tán, ṣé mo lè gbé e lé búlọ́ọ̀kù? Ó pọ̀ nílé.

Ìyá Ọlọ́jà Ìkẹ́rẹ́
Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, rárá. Ní àgbàlá wa, wọ́n gbé mọ́tò kan lé búlọ́ọ̀kù oníhò kó di ọjọ́ kejì. Òru la gbọ́ gbàgà. Búlọ́ọ̀kù ti fọ́ wẹ́wẹ́, mọ́tò ti jókòó sílẹ̀. Ọmọ tó ń tún un ṣe ti wà lábẹ́ rẹ̀ títí di àṣálẹ́ ọjọ́ náà.

Mẹkáníìkì Ìyìn
Sítáńdì onírin méjì ni kó o rà, kí o wo iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sí i lára. Jáàkì ń gbé, sítáńdì ló ń dì í mú. Síìlì jáàkì, ìyẹn rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀, lè já nígbàkigbà. Nígbà tó o bá gbé mọ́tò lé sítáńdì, fọwọ́ tì í díẹ̀ kó o rí i pé kò mì. Táyà tó o yọ náà, gbé e dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò.

Fọganáísà Ìlawẹ̀
Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí mọ́tò tó kúrò nílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ máa mú wọn ní ìkọjúsíra: tí ẹ bá mú ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ló kàn. Ìgbà tí táyà bá kanlẹ̀ ni kí ẹ tó fún wọn pa. 103 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì, ni ti Corolla yín, tí ẹ bá rí sípánà tó ń ka agbára yá. Ẹ má fẹsẹ̀ gun sípánà.

Ọmọ Òkè-Ìlá
Mo ti tan iná wò ó. Mo rí ojú gígé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí mo bà jẹ́ fi bí ọwọ́ mẹ́ta jìnnà sí ti iwájú. Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe sí etí tó ká yẹn?

Mẹkáníìkì Ìyìn
Fi píláyà nà án díẹ̀díẹ̀, má gbìyànjú láti nà án lẹ́ẹ̀kan kó má ya. Fi sáńpépà ha ibi tí ọ̀dà ti bó, kí o kùn ún kí òjò tó dé ibẹ̀.