Àpótí géèjì epo tí mo fọwọ́ ara mi ṣe fún RV-7

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka ohun tí ojú oníkálukú rí nídìí bàálù àfọwọ́tò rẹ̀, mo ní kí n bu tèmi sí i.

RV-7 ni mò ń tò ní Texas níbí, irú èyí tí Van's Aircraft máa ń kó ránṣẹ́ sínú àpótí, tí èèyàn á wá máa fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án pọ̀ fún ọdún gbọọrọ. (Ẹni tó bá ní nǹkan òyìnbó nìyẹn, Air Beetle tí wọ́n tò ní Kàdúná fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa nígbà kan, ara RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́.)

Táǹkì kan wà nínú apá ọ̀tún, ọ̀kan nínú apá òsì, gáàlọ̀nù 21 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Kàkà kí n fi géèjì tó ń léfòó lórí epo sínú wọn, pẹlẹbẹ páànù ni mo gbé kọ́ síbẹ̀, tí kò fara kan ara táǹkì. Bí táǹkì bá ṣófo, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín páànù àti táǹkì. Bí epo bá gun ibẹ̀, iná tí àwọn méjèèjì lè gbà sára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àmọ́ síkírìnì iwájú mi kò gbọ́ èdè yẹn. Fóltì ló ń béèrè, láti 0 dé 5. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń tú rédíò bàbá mi láti kékeré, ojú tì mí láti rà á.

Mo wá 7555, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra bí ẹni ń lu ìlù, àbúrò 555 tí kì í jẹ iná púpọ̀. Táǹkì ló ń sọ bó ṣe máa lu ìlù rẹ̀: epo púpọ̀, ìlù falẹ̀, epo díẹ̀, ìlù yára. Arduino Nano, kọ̀ǹpútà bíńtín kan, ń ka ìlù náà, ó ń sọ ọ́ di fóltì. Mo fi résísítọ̀ ńlá, tó ń dín iná kù, sójú wáyà tó lọ sí táǹkì, kí iná má baà ṣẹ́ nínú epo bí nǹkan bá fara kanra. Ibẹ̀ yẹn ni mi ò fi ṣeré rárá.

Lórí tábìlì, ó ṣiṣẹ́ débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Mo gbé e sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, mo fi wáyà RG-58, irú wáyà ẹ̀ríàlì, bíi mítà 3 so ó mọ́ táǹkì. Wàhálà dé. Mo rọ epo títí táǹkì fi kún, nọ́ńbà kàn ń mì díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń tú sọ́dà, tí mò ń pààrọ̀ 7555, tí mò ń bú ẹni tó tà á fún mi. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni. Wáyà yẹn gan-an ló ń gba iná sára: RG-58 máa ń ní nǹkan bíi 100 picofarad (ìwọ̀n iná tí nǹkan lè gbà sára) lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 3 ti ju ti táǹkì mi lọ fíìfíì. Táǹkì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹni tó ń lu gbẹ̀du! Mo gbé àpótí náà lọ sí ìdí apá, ó ku ìka mẹ́rin sí táǹkì, ọ̀rọ̀ tán.

Ó ku wíwọ̀n. Ìdí RV-7 máa ń wálẹ̀ tó bá dúró, epo á sì wọ́ sẹ́yìn. Mo gbé ìrù rẹ̀ sókè títí ó fi tẹ́ bí ìgbà tó ń fò, mo wá ń bu gáàlọ̀nù méjì-méjì sí i, mò ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

— Láti Kent: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi, bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì rédíò láti bá tówà sọ̀rọ̀, táǹkì òsì á ní òun kún. Bí mo bá dákẹ́, á sọ òótọ́. Kápásítọ̀ 0.1 µF lẹ́nu ibi tí iná ń gbà wọlé àti ferrite (òrùka dúdú tó ń dí ariwo rédíò) lára wáyà ló pa á lẹ́nu mọ́. Níbí ní England, LAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó bàálù àfọwọ́tò, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àyípadà bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo kó gbogbo àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó lu ihò kankan.

— Láti Atlanta: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti irú epo kún un. 100LL, bẹntiróòlù bàálù, ni mo fi wọn tèmi. Lọ́jọ́ kan mo rọ epo mọ́tò tó ní ethanol nínú. Géèjì ní gáàlọ̀nù 8 ló kù. Mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, 6 péré ni. Ethanol ń jẹ́ kí páànù àti táǹkì gba iná sára ju bẹntiróòlù lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́wàá, omi tún jù ú lọ. Orí ilẹ̀ ni mo ṣì wà, ọpẹ́ ni.

— Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀: Ará Atlanta, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tíì rọ epo mọ́tò sí i rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti háńgà dé ni, mo ti lẹ bébà pupa mọ́ ẹnu táǹkì méjèèjì: 100LL NÌKAN.