"Ìjọba olówó" ò tíì kó o já

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ìjọba tó jẹ́ pé owó ló ń yan olórí. Ẹ̀gbọ́n wa mú "ìjọba olówó" wá, àǹtí wa ní "ìjọba tiwọn-n-tiwọn". Èyí àǹtí pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ àwọn sójà náà ṣe tiwọn-n-tiwọn, kò dárúkọ owó rárá.

"Olówó" yẹn gan-an ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹni tówó ẹ̀ pọ̀ jù ló ń wọlé. Ṣé bó ṣe rí n'Ìbàdàn nìyẹn? Nígbà ayé Adédibù, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú ìlú náà, òun kọ́ ló lówó jù nílùú, àmàlà ló fi ń bọ́ èrò nílé ẹ̀ ní Molete, síbẹ̀ òun ló ń sọ ẹni tó máa ṣe gómìnà. Nígbà tóun àti Ládọjà tó jẹ́ gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà yẹn wá jà, ó là á mọ́lẹ̀ ní gbangba pé nínú owó ààbò (security vote) tí gómìnà ń gbà lóṣooṣù, mílíọ̀nù 15 náírà ló yẹ kó jẹ́ tòun, Ládọjà ò sì fún òun. Wọ́n yọ Ládọjà ní January 2006, ó di December kí Supreme Court tó dá a padà. Ẹ wò ó, àpò ìjọba lowó ti ń lọ bá bàbá ìsàlẹ̀, ìjọba ló ń sọ wọ́n dolówó!

Èmi fara mọ́ "ìjọba aláròóbọ̀". Wọ́n ra ipò, wọ́n á tún un tà kówó lè padà pẹ̀lú èrè. Fọ́ọ̀mù ìdíje sípò ààrẹ tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC tà ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni, ẹni tó ń gba ₦30,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn á fi ọdún tó lé ní 277 ṣiṣẹ́ láìjẹ láìmu kó tó lè rà á, fọ́ọ̀mù lásán o, a ò tíì dé "dìbò kóo sebẹ̀", ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra ìbò, tó gbòde l'Ékìtì ní 2018. Òfin ìdìbò 2022 tún wá gbé iye tí òǹdíje sípò ààrẹ lè ná láti bílíọ̀nù kan sí márùn-ún. Ta ló máa náwó báyìí tí ò ní wá èrè ẹ̀?

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe aláròóbọ̀ lọ́jà lè bínú sí orúkọ yìí ṣá, torí òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ. Ẹnìkan dábàá "afowórajọba", kò burú, àmọ́ orí rírà ló dúró sí, títà ló sì ń pa wá.

Ẹni tó gbowó lọ́jọ́ ìbò wá ńkọ́? Ṣé òun ló tajà ni, àbí òun gan-an lọjà? Mi ò tíì rórúkọ tó bá a mu.