Eyín yíyọ fún ẹni tó ń lo steroid: ohun tí ojú wa rí

Làkúrègbé ló sọ mí di ẹni tó ń gbé prednisolone, ìyẹn oògùn steroid kan, mì láràárọ̀, ó sì ti tó ọdún mélòó kan. Nígbà tí eyín tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ wá ń dà mí láàmú, tí dókítà eyín ní àfi kí wọ́n la ẹran ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, ṣe làwọn tó yí mi ká ń sọ pé kí n dá oògùn náà dúró ná, torí kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Òótọ́ ni, kì í jẹ́ kó tètè jinná. Àmọ́ ẹni tó bá ṣàdédé dá a dúró lè kú! Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹṣẹ́ (gland) kéékèèké méjì wà lórí kíndìnrín wa, àwọn ló ń ṣe cortisol tí ara fi ń kojú wàhálà. Béèyàn bá ti ń lo prednisolone tó mìlígíráàmù 5 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹṣẹ́ yìí lè dẹwọ́, torí oògùn ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ara á wá cortisol púpọ̀ tì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èèbì á dé, òòyì á kọ́ni, kódà èèyàn lè dákú.

Dókítà eyín tèmi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ títí ó fi bá dókítà tó ń tọ́jú làkúrègbé mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n lo oògùn mi bí mo ṣe ń lò ó, kí n tiẹ̀ fi kún un lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kìlọ̀ pé bí mo bá ń bì débi tí oògùn ò dúró nínú mi, ọsibítù ni kí n gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Paracetamol ni mo lò fún ìrora. Wọn ò jẹ́ kí n lo ibuprofen, torí òun àti steroid lè dá ọgbẹ́ sínú èèyàn. Egbò náà pẹ́ gan-an kó tó dí, ṣùgbọ́n ó dí.

—

Ẹ kú ìnira, mà. Ikọ́ fée ló sọ èmi náà di ẹni tó ń lo steroid. Nígbà tí mo lọ dí eyín lásán, wọn ò fi kún oògùn mi rárá, wọ́n ní èyí tí mò ń lò ti tó. Ìgbà tí wọ́n kùn mí lóorun láti yọ eyín ni wọ́n fa hydrocortisone, tí òun náà jẹ́ steroid, mìlígíráàmù 100 sí mi nínú iṣan. Ẹ̀yìn ìyẹn ló le: ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò wú, ara mi ò gbóná, àmọ́ òórùn burúkú ń jáde lójú egbò. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Steroid máa ń bo irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, torí náà ẹ má dúró de ibà kẹ́ ẹ tó padà lọ.

—

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí oògùn egungun náà. Steroid ń jẹ egungun, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní alendronic acid. Bí wọ́n bá yọ eyín ẹni tó ń lò ó, egungun àgbọ̀n lè kọ̀ láti jinná. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Torí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń lò ó, ẹ̀gbọ́n mi kì í kà á mọ́ oògùn tó bá ń dárúkọ wọn. Èmi ni mo kó gbogbo páálí rẹ̀ dání lọ. Nígbà tí dókítà rí i, gbòǹgbò eyín náà ló tọ́jú, kò yọ ọ́ mọ́.