Aninilára kọ́ ni tyrannos: lórí àwọn akọ́gbọ́n tó gba ẹ̀bùrú jọba

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn tí Appian kọ nípa àwọn ogun Róòmù láti èdè Gíríìkì béèrè orúkọ tó yẹ kí òun pe àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ tí agbára ìlú bọ́ sí lọ́wọ́, tí wọ́n sì di ohun tí àwọn Gíríìkì ń pè ní tyrannos. Ẹ̀gbọ́n kan dá a lóhùn pé kó kọ “ọ̀mọ̀wé aninilára”, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí orúkọ yẹn fi dúró ni kò dá mi lójú, àti ọ̀mọ̀wé, àti aninilára.

Ìwà ni aninilára ń sọ. Ọba tó jogún ìtẹ́ baba rẹ̀ lọ́nà tó tọ́ lè ni ará ìlú lára. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ náà lè ni ọmọ iṣẹ́ lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí tyrannos ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu àwọn Gíríìkì, ọ̀nà tí èèyàn gbà dé orí àga ló ń sọ. Ẹ wo Pisistratus ará Athens, ìlú Gíríìkì. Ní nǹkan bí ọdún 560 ṣáájú ìbí Jésù, ó ṣá ara rẹ̀ àti àwọn ìbaaka rẹ̀ lọ́gbẹ́, ó wa kẹ̀kẹ́ wọ ọjà Athens, ó ní àwọn ọ̀tá ló fẹ́ pa òun. Àánú ṣe ará ìlú, wọ́n fún un ní ẹ̀ṣọ́ oníkùmọ̀. Àwọn oníkùmọ̀ yẹn náà ló fi gba Acropolis, òkè olódi ìlú náà, mọ́ wọn lọ́wọ́. Tyrannos ni wọ́n pè é. Síbẹ̀, ìwé lórí ìṣèjọba Athens tí wọ́n mọ̀ mọ́ orúkọ Aristotle sọ pé ó ń yá àwọn àgbẹ̀ tálákà lówó, àwọn èèyàn sì ń rántí ìgbà rẹ̀ bí ìgbà ìdẹ̀ra. Ta ló ni lára níbẹ̀?

Ẹ̀rí tó yá mi lẹ́nu jù wà nínú Bíbélì tí púpọ̀ nínú wa ń kà. Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 19, ẹsẹ 9: ilé-ìwé Tirannu ni Pọ́ọ̀lù ti ń sọ àsọyé lójoojúmọ́ ní Éfésù. Tirannu yẹn, ọ̀rọ̀ tí à ń fà yìí gan-an ni, orúkọ èèyàn sì ni. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n máa wò tí wọ́n á fi sọ ọmọ ní Aninilára?

Gbólóhùn Appian fúnra rẹ̀ kò tún gbà fún un. Níbi tó ti ń sọ nípa Aristion, ọmọ ẹ̀yìn ọlọ́gbọ́n Epicurus, tó di tyrannos ní Athens, ó rántí Critias àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ṣàkóso ìlú kan náà rí, ó rántí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Pythagoras ní Ítálì, ó rántí díẹ̀ lára àwọn Amòye Méje, àwọn ọlọ́gbọ́n méje tí àwọn Gíríìkì ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ó ní wọ́n rorò ju àwọn tyrannos tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ́n rí lọ. Bí tyrannos bá ti jẹ́ aninilára, ohun tí òǹkàwé Yorùbá máa rí ni pé àwọn aninilára ni èèyàn lára ju àwọn aninilára lọ. Ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀.

“Apàṣẹwàá” ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi pamọ́ fún Róòmù. Sulla ọ̀gágun Róòmù tó kó Athens ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 86 ṣáájú ìbí Jésù di dictator ní Róòmù ní ọdún 82, oyè tó wà nínú òfin wọn sì ni. Bí a bá ti ná apàṣẹwàá sórí Aristion, kí la máa pe Sulla tó pa á? “Afipágbàjọba”, àwọn ológun tó ń dìtẹ̀ gbàjọba ló ti gbà á, kò sì bá Pittacus, ọ̀kan lára àwọn Amòye Méje, mu. Ará Mytilene fúnra wọn ló yan Pittacus, ó ṣèjọba fún ọdún mẹ́wàá, ó sì gbé e sílẹ̀. Akéwì Alcaeus, ọ̀tá rẹ̀, ṣì pè é ní tyrannos. Mo ti ronú kan “ajọbaláìjogún” pẹ̀lú, Periander, tyrannos Kọ́ríńtì, ló bà á jẹ́: ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ló ti jogún àga.

Ohun tí mo mú wá ni *agbẹ̀bùrújọba*: ẹni tó gba ẹ̀bùrú jọba. Ọ̀nà tààrà ni ọ̀nà ìdílé àti ọ̀nà òfin. Yálà agbára ni, yálà ẹ̀tàn ni, yálà ariwo ọjà ni, ẹ̀bùrú ni gbogbo ìyókù. Ọmọ tó bá jogún àga tí baba rẹ̀ gba ẹ̀bùrú dé, orí ẹ̀bùrú náà ló ṣì wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìkà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní tyrannos kì í ṣe ọba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n “ìjọba” tí à ń sọ lónìí kò dúró de adé mọ́.

Ti ọ̀mọ̀wé kò gùn. Oyè ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì ti di bẹ́ẹ̀. Amòye yẹ Pittacus, ṣùgbọ́n bí a bá fún Critias, a ti yìn ín kọjá ohun tí èdè Gíríìkì sọ. Ẹni tó fẹ́ ọgbọ́n, tó ń lépa rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní philosophos. Wọn kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Yorùbá ní “kọ́gbọ́n”. *Akọ́gbọ́n*, nígbà náà. (Àbúrò, jọ̀ọ́, fi àmì ohùn sí i dáadáa. Ọgbọ̀n ọkùnrin ni Critias àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣàkóso Athens ní ọdún 404 sí 403 ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n pa nǹkan bí 1,500 èèyàn. Bí àmì bá sọnù, òǹkàwé á rò pé ọgbọ́n ló pa wọ́n.)

Ìdí tí mo fi ń jà fún èyí tó báyìí ni ìtàn Athenion, tí òpìtàn Posidonius kọ. Olùkọ́ ọgbọ́n nílé ẹ̀kọ́ Aristotle ni. Ní ọdún 88 ṣáájú ìbí Jésù, Athens rán an sí Mithridates ọba Pontus, tó ń bá Róòmù jagun. Nígbà tó ń padà bọ̀ tí ìjì gbé e dé ìlú Carystus, Athens fi ọkọ̀ ogun àti àga ẹlẹ́sẹ̀ fàdákà ránṣẹ́ pàdé rẹ̀. Tọmọdé tàgbà tú jáde, wọ́n ń du àyè láti fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló gun orí pèpéle tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọ̀gágun Róòmù yìí, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ohùn ara wọn yàn án ní olórí ogun. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ó fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu bodè. Àwọn èèyàn ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára odi lóru. Ó gba ohun ìní wọn, ó kó owó jọ débi tó fi kún kànga bíi mélòó kan, ó sì ń wọn ọkà báálì fún wọn: oúnjẹ ọjọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́rin. Posidonius ní oúnjẹ adìyẹ ni, kì í ṣe ti èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aristion dé. Nígbà tí Sulla sàga ti ìlú, fìtílà mímọ́ Athena, òrìṣà ìlú náà, kú nítorí àìsí òróró. Obìnrin àgbà nínú àwọn àlùfáà tọrọ àlìkámà díẹ̀, ata ni Aristion fi ránṣẹ́ sí i.

Bí a bá ti pe Athenion ní aninilára láti ìlà àkọ́kọ́, a ti fi àwọn tó ń du aṣọ rẹ̀ ṣe òmùgọ̀. Wọn kò rí aninilára lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ ni wọ́n rí. “Athenion gba ẹ̀bùrú jọba, kò sì pẹ́ tó fi di aninilára”: báyìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ríṣẹ́ ṣe.

Bí mo ṣe máa kọ ti Appian rèé: àwọn akọ́gbọ́n tí ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́ rorò ju àwọn agbẹ̀bùrújọba tí kò kọ́gbọ́n rí lọ, débi pé èèyàn ń ṣiyèméjì nípa àwọn akọ́gbọ́n yòókù tí wọ́n tòṣì, bóyá ìwà rere ni wọ́n ń wá, tàbí ìtùnú fún òṣì wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ fi gbólóhùn yìí kan náà dán an wò kó tó kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ àbúrò wa dúró sí.