Ajá mi gba oríkèé ìbàdí tuntun, kò sì fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́

Ìyá Labrador (Manchester)

Ẹ kú ilé o. Mo ní abo ajá Labrador kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Láti kékeré ni orí egungun itan rẹ̀ kò ti wọ inú ihò ìbàdí dáadáa, àìsàn tó wọ́pọ̀ lára Labrador, Alsatian àti àwọn ajá ńláńlá mìíràn, tí àwọn dókítà ń pè ní hip dysplasia. Nígbà tí oògùn kò ràn án mọ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá: wọ́n gé orí egungun náà kúrò, wọ́n sì fi irin àti ike ṣe oríkèé mìíràn sí ipò rẹ̀. Dókítà ní inú kéèjì ni kí ó máa wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, kí ó má sáré, kí ó má fò, kí ó má sì gun àtẹ̀gùn. Ajá náà ni kò gbà. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ó ń fò sókè bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, ó sì ń ké lóru. Ìyá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta ní ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́, àti pé ajá tó bá ti lè rìn ti yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀ rí, kí ni ẹ ṣe? Pákó tó ń yọ̀ ni ilẹ̀ ilé wa.

Bàbá Alsatian (Houston)

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún màmá pé rírìn kọ́ ni yíyá. Ìrora oríkèé àtijọ́ ti bá egungun tí wọ́n gé lọ, ìdí nìyẹn tí ara ajá fi yá gágá. Ṣùgbọ́n iṣan àti awọ tí wọ́n là kọjá kò tíì so pọ̀, bí ó bá sì jẹ́ irú oríkèé tí kì í lo sìmẹ́ǹtì, egungun fúnra rẹ̀ ni yóò hù wọ ara irin náà kí ó tó dúró ṣinṣin, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì ni. Láàárín àkókò yìí, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ̀ lórí pákó, tí méjèèjì sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oríkèé tuntun lè yẹ̀, ẹ ó sì padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ilẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kódà ṣáájú igbe òru. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà láti ẹnu kéèjì dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀. Bí ẹ bá ń mú un jáde lọ tọ̀, okùn kúkúrú ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ sì gba ọ̀já tàbí táwẹ̀lì fífẹ̀ kọjá lábẹ́ ikùn rẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ kò ní fi gbé e sókè; ẹ kàn ń dì í mú kí ó má baà ṣubú ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Kí ẹ sì yọ aago ẹnu ọ̀nà yẹn. Èmi lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí àlejò fi fóònù pè mí. Àwọn aládùúgbò rò pé mo ń sá fún ẹni tí mo jẹ lówó ni.

Alájá Ìkẹjà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Nígbà tí ara kò ṣeé lò, ọpọlọ ajá ni kí ẹ fún níṣẹ́. Ẹ má gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú abọ́ mọ́. Ẹ ki oúnjẹ náà sínú ohun ìṣeré oníhò bíi Kong, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà kí ẹ tó fún un. Ẹ dín oúnjẹ náà kù pẹ̀lú, nítorí ajá tí kì í sáré yóò sanra, ìwúwo náà yóò sì jókòó lé oríkèé yẹn. Mo tún gbọ́ pé lílúwẹ̀ẹ́ dára fún wọn. Ṣé kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)

Rárá, ẹ má tíì gbé e sínú omi. Èmi kì í ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fúnra mi, ṣùgbọ́n ojú abẹ gbọ́dọ̀ ti jiná, ẹni tó ṣe é sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, nítorí ajá tó ń jà nínú omi a máa ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kiri. Ní ti igbe òru, ẹ bi dókítà yín léèrè nípa trazodone tàbí gabapentin. Wọ́n máa ń kọ ọ́ fún ọ̀dọ́ ajá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn ìrora ajá bíi carprofen tàbí meloxicam, ẹ má fi ibuprofen tàbí paracetamol inú ilé kún un: ibuprofen lè dá egbò sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ike fífẹ̀ tí wọ́n fi sí i lọ́rùn kí ó má baà lá ojú abẹ kò gbọdọ̀ kúrò títí wọn yóò fi tú okùn ojú abẹ, èyí tó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14.

Bí ó bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ sókè, bí ẹsẹ̀ náà bá dà bíi pé ó kúrú ju èkejì lọ tàbí ó yí síta, bí ojú abẹ bá wú tàbí tí ọyún ń jáde níbẹ̀, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì lọ déédéé, àwòrán X-ray ni yóò sọ ìgbà tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ìrìn rẹ̀, kì í ṣe bí ó ṣe ń fò. Kódà nígbà náà, ìrìn pẹ̀lú okùn ni yóò ṣáájú, eré pẹ̀lú ajá mìíràn ni yóò gbẹ̀yìn.