Palenque: kí la máa pè é ní Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé jọ́gíráfì fún àwọn ọmọ iléèwé dábàá "ìlú ìsáǹsá" fún palenque, ìyẹn ibùgbé tí àwọn ẹrú tó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn wọnú ìwé.

Ẹ wo San Basilio de Palenque ní Kòlóńbíà. Ẹsẹ̀ òkè Montes de María ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Cartagena, èbúté tí àwọn ará Sípéènì ti ń já ẹrú sílẹ̀. Àwọn tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ wọ igbó lọ, wọ́n gé igi, wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ yí ibùgbé wọn ká. Ọgbà igi yẹn gan-an ló ń jẹ́ palenque lẹ́nu ará Sípéènì. Ohun tí wọ́n fi dáàbò bo ara wọn ni orúkọ náà ń sọ, kì í sọ̀rọ̀ sísá.

Benkos Biohó tó kó èèyàn jọ sínú igbó bá ìjọba Cartagena jà títí ìjọba fi wá àdéhùn. Wọ́n padà mú un, wọ́n yẹgi fún un ní 1621. Ogun ò tán síbẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1713, bíṣọ́ọ̀bù Antonio María Casiani ló ṣe alárinà tí ìjọba fi gbà pé ẹni òmìnira làwọn ará San Basilio. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ látìgbà náà, ta ló ń sá fún?

"Ìlú olódi" ni tèmi. Bíbélì ti mú un mọ́ wa létí. Òótọ́ ni pé amọ̀ ni odi tiwa, igi sì ni tiwọn. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló ń kọ wá lóminú, ká kọ "ìlú olódi igi" nígbà àkọ́kọ́, ká wá máa lo "ìlú olódi" lẹ́yìn náà.

Ẹnìkan tún ní ká kúkú pè é ní ìlú Yorùbá. Rárá o. Sípéènì ló pọ̀ jù nínú èdè wọn, Kíkóńgò, èdè àwọn ará Kóńgò, ló sì wà nídìí rẹ̀: moná ni ọmọ, ngombe ni màlúù. Ẹ jẹ́ ká fi ti Kóńgò fún Kóńgò.

Ọ̀rọ̀ tó wù mí jù níbẹ̀ ni kuagro. Láti kékeré ni àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra ti ń di ẹgbẹ́, apá ọkùnrin àti apá obìnrin, títí wọ́n á fi dàgbà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀kan, àwọn yòókù á dáwó, wọ́n á sì dúró tì í ní gbogbo òru mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. "Ẹgbẹ́" lásán ti fẹ̀ jù fún irú nǹkan báyìí. Régberégbe, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ti àwọn Ìjẹ̀bú, ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà láàárín wa, ṣé régberégbe yín náà máa ń dúró ti ọlọ́fọ̀ bẹ́ẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.